Fọ́tò ẹyẹ tó ò ń yà ní Akọ́kà lè di bísínẹ́ẹ̀sì, àmọ́ ta ló máa rà á?

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ sà. Báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Marina, Akọ́kà ni mò ń gbé. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń ya fọ́tò ẹyẹ àti ẹranko ní òpin ọ̀sẹ̀, etí ọ̀sà ní UNILAG àti Lekki Conservation Centre ni mo sábà máa ń lọ. Kámẹ́rà mi dáa, lẹ́ǹsì 100-400 ló wà lẹ́nu ẹ̀. Gbogbo èèyàn ń sọ pé kí n sọ ọ́ di bísínẹ́ẹ̀sì, àmọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fọ́tò, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fẹ́. Kọ́ńpìnì kan tiẹ̀ ní kí n fún àwọn ní fọ́tò 12 fún kàléńdà wọn, pé àwọn á kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀. Fọ́tò òwìwí kan ni wọ́n fẹ́ràn jù lórí Instagram mi. Ṣé kí n kọ́kọ́ tọ́jú owó ra lẹ́ǹsì 600, tó ń fa ohun tó wà lọ́nà jíjìn mọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni? Ṣé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀? Ibo gan-an lowó wà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, inú mi dùn pé o béèrè kó o tó náwó. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ẹ lóhùn lórí èyí tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù: má fiṣẹ́ sílẹ̀, má sì ra lẹ́ǹsì 600. Gbogbo owó tó o bá ní fún nǹkan yìí lọ́dún yìí, títẹ̀ fọ́tò ni kó o ná an lé lórí. Fọ́tò tó wà nínú fóònù, kò sẹ́ni tó rò pé ó yẹ kóun sanwó fún un, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń béèrè ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Èyí tó bá ti wà nínú férémù, tí wọ́n lè fọwọ́ kàn, tí wọ́n ti ń wo ibi tí wọ́n máa gbé e kọ́ sí nílé, ìyẹn ni wọ́n máa bi ẹ́ pé èló ni.

Ohun tí mo máa ń rí lára àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ẹranko ni wọ́n ń rò, wọn kì í ro ẹni tó máa ra fọ́tò. Wọ́n á ní àwọn ń tọ́jú owó láti lọ ya kìnnìún ní Kenya. Ṣé o ti rin ọjà Balógun rí kó o wo iye kìnnìún tó wà lórí káńfáàsì níbẹ̀? Ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ń tẹ̀ wọ́n wá, owó tí wọ́n ń tà á kéré débi pé o ò lè bá wọn díje láéláé. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè kó lékeléke tó dúró létí ọ̀sà ní kùtùkùtù, tí Third Mainland Bridge ń hàn fírífírí lẹ́yìn ẹ̀, wọlé láti China. Ìwọ lo ní ìyẹn. Àwòdì tó ń fò yí ká lókè ọjà, ẹ̀gà tí wọ́n ń pariwo lórí igi ọ̀pẹ nínú ọgbà iléèwé, kánnákánná lórí òpó iná, alángbá olórí pupa lórí fẹ́ǹsì, àwọn tí ọmọ Èkó ń rí lójoojúmọ́ tí kò wò dáadáa rí, àwọn ni ọjà ẹ.

Àwọn tó ń rà á kì í sábà jẹ́ àwọn tó fẹ́ràn ẹranko bíi tìẹ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sílé tuntun ní Lekki tàbí Sùúrùlérè tí ògiri páálọ̀ ẹ̀ ṣì ṣófo, dókítà eyín tó fẹ́ kí ibi táwọn aláìsàn ti ń dúró tura lójú, ẹni tó ń wá ẹ̀bùn ìgbéyàwó tí kì í ṣe kúlà tàbí pọ́ọ̀tù, iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó fẹ́ pósítà sí kíláàsì. Mú ẹyọ kan nínú àwọn yìí kó o kọ́kọ́ gbájú mọ́ ọn, má bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí sáìsì tí dókítà fẹ́ yàtọ̀ sí ti ìyàwó ilé, owó wọn náà ò dọ́gba.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo wà ní ipò ẹ, ọjà ẹ̀bùn ni màá kọ́kọ́ wọ̀, mo sì mọ èyí tí màá fi wọ̀ ọ́. Ta ni kò mọ àdúrà yẹn nínú wa, pé agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun? Níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ìgbéyàwó, wọ́n á fi wúre fún èèyàn pé kó má ráhùn owó, kó má ráhùn ọmọ. Ká ní o ní fọ́tò ẹyẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, o tẹ̀ wọ́n ní sáìsì kan náà, o fi wọ́n sínú férémù kan náà, o sì kọ ìlà kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ẹyẹ tó ni ín, pẹ̀lú àmì ohùn tó pé. Ìyá ìyàwó kan rèé tó máa sọkún tó bá ṣí i. Lékeléke wà nílẹ̀ fún ẹ ní Èkó níbí, òun ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, kó o máa tà á lọ́tọ̀. Agbe àti àlùkò gba pé kó o wọ igbó gidi, ó sì gba sùúrù àti ẹni tó mọ inú igbó tó máa mú ẹ lọ, nítorí náà owó tí lékeléke bá pa wọlé ni kó o fi rìn ìrìn àjò yẹn. Títí dìgbà náà, má fi ẹyẹ míì tó jọ wọ́n rọ́pò, àwọn tó mọ ẹyẹ á mọ̀, ọ̀rọ̀ á sì tàn kálẹ̀.

Ti òwìwí ńkọ́? Mo gbà pé fọ́tò yẹn dáa gan-an, àmọ́ kí èèyàn fi ọwọ́ tẹ like yàtọ̀ sí kó gbé e kọ́ sí páálọ̀. O mọ ohun tí wọ́n ń pe òwìwí nílẹ̀ wa, ìyá ọkọ kan ṣoṣo tó bá wá kí wọn nílé, férémù yẹn ti kúrò lára ògiri. Igún náà nìyẹn, àdán náà nìyẹn. Tọ́jú wọn fún iléèwé àti fún àwọn tó ń kọ̀wé nípa ẹranko, ibẹ̀ ni wọ́n ti wúlò, torí ó yẹ káwọn ọmọ wa mọ̀ pé eku ni òwìwí ń jẹ àti pé àdán ló ń gbin ọ̀pọ̀ igi káàkiri. Fún ilé, lékeléke, ẹ̀gà, àdàbà, labalábá, ọ̀kín. Gbogbo wa la ti na èékánná sí lékeléke rí nígbà tá a wà lọ́mọdé, ìrántí yẹn máa ń tajà ju ìmọ́lẹ̀ tó rẹwà lọ.

Lékeléke yẹn náà ló máa kọ́kọ́ yọ ẹ́ lẹ́nu tó o bá dé ibi títẹ̀, nítorí náà jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀. Ara ẹ̀ funfun, ẹ̀yìn ẹ̀ sì sábà máa ń dúdú, omi tàbí ewé, kámẹ́rà á wo dúdú yẹn á rò pé ilẹ̀ ti ṣú, á fi ìmọ́lẹ̀ kún un, funfun ara ẹyẹ á wá jóná, ìyẹ́ ẹ̀ ò ní hàn mọ́, á kàn dà bíi pé wọ́n gé bébà lẹ̀ ẹ́. Lórí fóònù o lè má rí i. Tó o bá tẹ̀ ẹ́ ní sáìsì ńlá, gbogbo ayé á rí i. Gbé bọ́tìnì tó ní àmì + àti − wá sí −1, nígbà míì kó o tiẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, kó o sì ya RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì fún pọ̀. Tó bá ń fò, má jẹ́ kí shutter, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí tó sì ń pa dé, lọ́ra ju 1/2000 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Kó o tètè débẹ̀ o, láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀, torí lẹ́yìn ìyẹn oòrùn Èkó ti ń pa gbogbo àwọ̀ rẹ́. Nígbà ọyẹ́, èéfín eruku yẹn máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn fọ́tò rọ̀ wọ̀ọ̀, èmi fẹ́ràn ẹ̀ fún etí ọ̀sà, àsìkò yẹn náà sì ni àwọn ẹyẹ tó ń ti Yúróòpù wá máa ń wà lọ́dọ̀ wa, láti nǹkan bí October sí March.

Ṣómólú, níbi táwọn onítẹ̀wé pọ̀ sí, ni kó o ti tẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé kó o lọ síbi tí AC wà ní Island, àmọ́ àwọn tó wà ní Ṣómólú ti tẹ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ, ohun tó kù ni pé kí ìwọ fúnra ẹ mọ ohun tó o fẹ́. Má fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp lásán. Ìṣirò ẹ̀ rèé: kámẹ́rà megapixel 24 máa ń fún ẹ ní píksẹ́lì 6000 sí 4000, tó o bá tẹ̀ ẹ́ ní 300 dpi, ìyẹn píksẹ́lì 300 nínú ínṣì kan, á fún ẹ ní ínṣì 20 sí 13, ó tó páálọ̀ ẹnikẹ́ni. Tó bá gba WhatsApp kọjá, ìbú ẹ̀ lè já wá sí nǹkan bíi 1600, ínṣì márùn-ún péré nìyẹn, ó tó fún káàdì ìkíni, kò tó fún ògiri. Gbé e lọ sórí fláàṣì, tàbí kó o fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document. Tó o bá débẹ̀, sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan, sanwó ẹ̀, gbé e jáde síta sínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kó o wò ó dáadáa, torí iná tube inú ṣọ́ọ̀bù máa ń tan èèyàn jẹ. Tí funfun lékeléke bá ń pọ́n tàbí tó ń yọ búlúù, pa dà wọlé kó o ní kí wọ́n tún un ṣe, má tijú. Bébà tí kì í dán ni mo fẹ́ràn fún férémù, èyí tó nípọn dáadáa, tí ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ 250 gsm sókè. Kí ẹni tó ń ṣe férémù sì gbé páálí funfun yí fọ́tò ká lábẹ́ gíláàsì, kì í ṣe fún ẹwà nìkan o, ọ̀rinrin Èkó máa ń jẹ́ kí fọ́tò lẹ̀ mọ́ gíláàsì, tó bá sì ti lẹ̀ mọ́ ọn, kò ṣeé yọ mọ́, kọ́sítọ́mà á wá pè ẹ́.

Wàyí o, iye owó. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé títẹ̀ ínṣì 12 sí 18 gba 6,000 náírà, férémù gba 15,000, bébà ìdì àti báàgì gba 2,000. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 23,000. Ọ̀pọ̀ èèyàn á tà á ní 28,000 kí wọ́n lè sọ pé àwọn jèrè 5,000, wọn ò ka epo, dátà, tíkẹ́ẹ̀tì Lekki, gbogbo àárọ̀ Sátidé tí wọn ò rí ẹyẹ kankan, àti kámẹ́rà tó ń gbó lọ lọ́wọ́ wọn. Sọ 23,000 yẹn di ìlọ́po méjì àbọ̀, 57,500, kí kọ́sítọ́mà sì san owó dispatch lọ́tọ̀. Tó bá dà bíi pé ó wọ́n, ṣe èyí tó kéré, káàdì àti fọ́tò kékeré tí kò ní férémù, kí ẹni tí kò lówó púpọ̀ náà rí nǹkan gbé lọ. Má já owó èyí tó tóbi wálẹ̀. Ìdí míì tí mo fi ní ìlọ́po méjì àbọ̀ ni pé lọ́jọ́ tí gálárì bá gbà láti bá ẹ tà á, àwọn kan máa ń gba tó ìdajì, tó bá jẹ́ 28,000 lo ti ń tà á, ibo lo ti fẹ́ rí ìdajì yẹn yọ?

Kọ́ńpìnì oníkàléńdà yẹn, rárá ni. Sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín àti ọ̀wọ̀, àmọ́ rárá ni. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ń gbowó, àwọn tó ń gbé e kiri ń gbowó, kí ló dé tó fi jẹ́ ẹni tó ya fọ́tò nìkan ni wọ́n máa fi orúkọ sísàlẹ̀ san owó ẹ̀? Kọ lẹ́tà kúkúrú sí wọn: fọ́tò 12, fún kàléńdà ọdún kan yìí nìkan, iye ẹ̀dà tí wọ́n máa tẹ̀, kò kan billboard, kò kan Instagram wọn àyàfi tí wọ́n bá sanwó ìyẹn lọ́tọ̀, ìdajì owó kó o tó fún wọn ní fáìlì, ìyókù ọjọ́ tí fáìlì bá dé ọwọ́ wọn. Fọ́tò tó o yà, tìẹ ni láti ìgbà tó o ti tẹ bọ́tìnì, o ò nílò láti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan kó tó di tìẹ, òfin Copyright Act 2022 wa dúró lẹ́yìn ẹ. Àyè lílò lò ń tà fún wọn, o ò ta fọ́tò náà. Tí wọ́n bá kọ̀, o ò pàdánù nǹkan kan, fọ́tò 12 ẹ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ, o sì lè fi ṣe kàléńdà tìẹ.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta fọ́tò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Shutterstock ń san láàárín 15% sí 40% nínú owó tí wọ́n bá ta fọ́tò, gbogbo January ni wọ́n sì máa ń dá gbogbo èèyàn pa dà sí ìpín tó kéré jù. Fi èyí tó o kò fẹ́ gbé kọ́ ògiri síbẹ̀, kọ orúkọ sáyẹ́ǹsì ẹranko náà àti Lagos, Nigeria sí i dáadáa, kó o máa bá iṣẹ́ ẹ lọ. Kì í ṣe ibẹ̀ lowó oúnjẹ wà.

Owó tó yá jù, tí ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ rò, wà nínú kíkọ́ èèyàn. Àwọn òbí ní Èkó ń wá ibi tí wọ́n máa mú ọmọ lọ ní Sátidé tí kì í ṣe mall. Ìwọ ti mọ igi tí ẹ̀gà kọ́lé sí, o mọ ibi tí alégbà máa ń yá oòrùn. Ọmọ mẹ́jọ, wákàtí méjì, fóònù ìyá wọn tàbí kámẹ́rà kékeré, kí òbí kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì mú fọ́tò kan tó yà fúnra ẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ sílé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Lekki Conservation Centre dáa fún un, ilẹ̀ ibẹ̀ tó hẹ́kítà 78, Nigerian Conservation Foundation (NCF) ti ń bójú tó o láti 1990, afárá orí igi wọn yẹn sì gùn tó mítà 401. Gbogbo èèyàn ń lọ ya ara wọn lórí ẹ̀, àwọn ọmọ tìẹ á wá mọ̀ pé òun ló gbé wọn dé ibi tí ojú wọn ti ṣe déédéé pẹ̀lú ẹyẹ tó wà lórí igi, tí wọn ò fi ní máa ya ikùn ẹyẹ láti ìsàlẹ̀. Àmọ́ kọ́kọ́ lọ bá àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sọ̀rọ̀, sọ fún wọn gbangba pé iṣẹ́ owó ni. UNILAG náà bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ kó o ṣọ́ra nípa lẹ́ǹsì gígùn yẹn nígboro. Má na án sí bárékè, má na án sí èbúté Apapa tàbí pápákọ̀ òfurufú, bó ti wù kí àwòdì tó dúró lórí wáyà wọn rẹwà tó. Tó o bá fẹ́ wọ Mákòkò torí àwọn ẹyẹ omi, lọ rí Baálẹ̀ tàbí kí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ mú ẹ wọlé, kí káàdì ìdánimọ̀ wà lápò, má dá lọ. Drone ńkọ́? Ó gba ìwé àṣẹ NCAA, àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú, àti ti ONSA, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò, ẹyẹ sì máa ń sá fún un, fi í sílẹ̀.

Èyí tó kàn, mo fẹ́ kó o kà á lẹ́ẹ̀mejì. Tí owó bá ti wọ̀ ọ́, ìwọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú, kánjúkánjú yìí ló sì máa ń pa ẹranko lára. Má gé ewé tó bo ìtẹ́ ẹyẹ kí fọ́tò lè mọ́, ewé yẹn ni kò jẹ́ kí oòrùn àti àṣá rí àwọn ọmọ ẹ̀. Má ju ẹ̀pà sí ọ̀bọ kó lè wò ẹ́, ọ̀bọ tó ti mọ́ lára láti máa gbàjẹ lọ́wọ́ èèyàn ló máa já báàgì ọmọ ẹlòmíì gbà lọ́la. Àwọn ọmọkùnrin tó ń di ẹranko mọ́ okùn tà lẹ́bàá títì, má san kọ́bọ̀ fún wọn kó o lè yà á, gbogbo náírà tó o bá fún wọn ni wọ́n máa fi pa dà sínú igbó lọ mú òmíràn. Tó o bá rí akika tàbí odídẹrẹ́ nínú igbó, má kọ ibi tó o ti rí i sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Odídẹrẹ́ ti wà lára àwọn tí CITES (àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi igbó) ká òwò wọn láàárín orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ kò pátápátá láti 2017, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń wá a kiri. Fọ́tò tó o bá fẹ́ tà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó o lè sọ bó o ṣe yà á lójú kọ́sítọ́mà láìmú ohunkóhun pa mọ́, wọ́n á béèrè, ìtàn yẹn náà wà lára ohun tí wọ́n ń rà.

Lẹ́ǹsì 100-400 ẹ ti tó. Ọjọ́ tí iṣẹ́ kan bá béèrè 600, yá a fún ọjọ́ mélòó kan, kó o sì kọ owó yíyá sínú owó iṣẹ́. Èyí tó o ní lọ́wọ́ báyìí ni kó o tọ́jú: inú lẹ́ǹsì máa ń bu bíi búrẹ́dì tó pẹ́ nílẹ̀ ní ìlú wa yìí torí ọ̀rinrin, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé nítòsí ọ̀sà. Ra ike tó ní ìdérí tó le, kó silica gel sí i, máa gbé kámẹ́rà síbẹ̀ tó o bá ti nu iyọ̀ afẹ́fẹ́ òkun kúrò lára ẹ̀.

Nípa iṣẹ́ báńkì, wo ìwé tó o fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n gbà ẹ́, ọ̀pọ̀ báńkì ló ní òfin nípa òwò míì tí òṣìṣẹ́ wọn ń ṣe, kó o lọ bá HR kí wọ́n má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Forúkọ bísínẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ ní CAC, ṣí àkáǹtì lórúkọ ẹ̀, torí kọ́ńpìnì gidi ò ní fẹ́ sanwó sínú àkáǹtì ara ẹni. Ọ̀rọ̀ fífi iṣẹ́ sílẹ̀, jẹ́ kí owó tó ń wọlé láti ọwọ́ kíkọ́ èèyàn àti fọ́tò títà máa san rẹ́ǹtì ẹ fún ọdún kan gbáko kó o tó tún bi mí.

Tó bá jẹ́ kàléńdà tìẹ lo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì dáa fún ẹni tó ní fọ́tò tó pọ̀ bíi tìẹ, kí fọ́tò 12 yẹn ti pé lọ́wọ́ ẹ nínú August, kó o ti tẹ ẹyọ ìwòran ní September. Tó bá ti di November, ìwé ìpolongo ṣọ́ọ̀ṣì àti kàléńdà àwọn báńkì ti kún gbogbo ẹ̀rọ Ṣómólú, ìwọ tó ń tẹ ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà péré, ẹ̀yìn ni wọ́n máa tì ẹ́ sí.